Orúkọ Méjìlá Lójú Ọ̀nà Kànga

Igbó-Ọrà,
Oṣù Kejì, 1989.

Fọlábí ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lójú títì. Ara èmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀.

Ìjọba ní ọkọ̀ tí ń gbẹ́ kànga yóò dé àdúgbò wa ní Ọjọ́bọ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá rọ́nà kọjá, Tápà ni yóò gbà lọ. O sì mọ ohun tí ojú wa rí lọ́wọ́ sòbìà tí omi odò ń kó bá wa, ìyá rẹ àgbà fìdí wọ́ nílẹ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko. A kọ orúkọ ilé méjìlá pé kí wọ́n wá ṣán ọ̀nà náà, ti èmi náà wà níbẹ̀, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn baálé. Wọn ò jáde. Hàlímọ̀ ní òun ń lọ ná ọjà Èrúwà, Babáwálé ní ìbàdí ń dun òun.

Ni mo bá rántí lẹ́tà rẹ, pé ìlà kúkúrú kan ṣoṣo lo kọ fún kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ohun tó tò sínú ìwé fi di ohun kan náà, tí iye wọn ò sì dín. O ní inú ọ̀gá rẹ dùn. Mo ní ọgbọ́n rèé. Mo pa orúkọ méjèèjìlá rẹ́, mo kọ Àbẹ̀kẹ́ sí ipò gbogbo wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èrò mi ni pé agbára èèyàn méjìlá yóò bá orúkọ wọnú ara mi, torí o ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà pé ó rẹ kọ̀ǹpútà.

Fọlábí, àdá kan ló jáde. Ṣùgbọ́n èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, n ò sì ní padà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dá ṣán an, títí dé ìdí igi àràbà.

Ní ọjọ́ kẹrin, Hàlímọ̀ gbé àdá dé, ó fajú ro. Ó ní, "Ta ló pa orúkọ mi rẹ́? Ṣé mo ti kú ni?" Kó tó di ọ̀sán, àwọn mẹ́wàá yòókù ti pé, Babáwálé tòun ti ìbàdí rẹ̀. Mo ní orúkọ ẹnikẹ́ni ò ní padà àfi bí ọ̀nà bá dé ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́. Ó débẹ̀ lánàá.

Ìjà tó kù ni pé n ò da orúkọ àtijọ́ kọ síbì kan kí n tó pa á rẹ́, wọ́n wá ń du ipò ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè tẹ́lẹ̀. Bá mi bi kọ̀ǹpútà bóyá ó ní ìlà tó lè dá wọn padà. Bí kò bá ní, ìwọ náà máa da tìrẹ kọ kí o tó fọwọ́ kàn án.

Fi owó àdá tuntun ránṣẹ́, ẹnu èyí ti kú, kí o sì fi róòbù kún un fún ẹ̀yìn mi. Orúkọ rẹ kò ní parẹ́ láàárín àwọn alààyè. Ohun tí o bá dáwọ́ lé, wàá ṣe é parí.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àbẹ̀kẹ́.
Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.