Omi Tó Jọ Bàbá Wa

                                        Yàrá Àyẹ̀wò, Àjà Kejì,
                                        Ilé Ìwòsàn Ojú.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyàwó wa ńkọ́? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ti ń rìn? Ọkọ̀ ńlá tí ò ń wà ńkọ́, ṣé kò tún dá ọ dúró lọ́nà? Ara àwa náà le. Bàbá wà dáadáa, wọ́n ṣì ń bá ẹni tó ń ka ìròyìn nínú rédíò jiyàn.

Mo ní ìròyìn kan. Ọ̀rọ̀ omi ni, fara balẹ̀ kà á.

O mọ iṣẹ́ wa. Ẹni tí ojú ń fọ́ nínú ìdílé rẹ̀ á wá, a ó fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, a ó sì yọ DNA rẹ̀ níbẹ̀. Ó máa ń kéré jù, nítorí náà a ó gbé e sínú ẹ̀rọ kan tó ń gbóná tó sì ń tutù léraléra, tó ń ṣe ẹ̀dà ibi kan ṣoṣo tí à ń wá títí á fi pọ̀ rẹpẹtẹ. Ìgbà yẹn la tó lè rí i bóyá ibẹ̀ yàtọ̀. Ìyàtọ̀ tí à ń wá ni èyí tó ń fa irú ìfọ́jú tó mú Bàbá. Ẹni tó bá tètè mọ̀, oògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dá a dúró. Bàbá kò tètè mọ̀.

A tún máa ń fi ike kékeré kan tí omi lásán wà nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwọn nínú ẹ̀rọ, láti fi dán iṣẹ́ wò. Omi kò ní bàbá, kò ní ìyá. Bí ẹ̀rọ bá rí nǹkan níbẹ̀, a jẹ́ pé ìdọ̀tí ti wọ iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èsì jáde: omi ní àìsàn ojú.

Ọ̀gá wa bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún èsì náà wò. Wọ́n ní, "Ta ló bí omi yìí?" A fi kẹ́míkà fọ tábìlì, a ṣe é lákọ̀tun, omi tuntun mọ́ tónítóní. Ọ̀gá ní a jẹ́ pé ara ẹnì kan nínú wa ni ìdọ̀tí ti àkọ́kọ́ ti wá, kí gbogbo wa la ẹnu. Ti akọ̀wé mọ́. Ti ọ̀gá fúnra wọn mọ́. Tèmi àti ti omi bára mu régí.

O mọ ẹnu mi. Mo ti fa ìbòmú sísàlẹ̀ kí n lè sọ ọ̀rọ̀ onílé wa parí, itọ́ sì ta sínú ike. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo lọ jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀gá ní kí n lọ rí dókítà ojú, ṣùgbọ́n kí n kọ́kọ́ nu tábìlì mi.

Dókítà ní ó ti bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ojú kò tíì bàjẹ́. Mo ti ń kán oògùn.

Ó wá kàn ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ìwọ náà ní in, ó sì ṣeé ṣe kí o má ní in. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ní ojú Bàbá ni àwa méjèèjì gbé wáyé, inú mi máa ń dùn. Mo mọ̀ pé o máa sọ pé ojú rẹ ń rí òkúta láti ọ̀nà jíjìn. Bàbá náà ń rí òkúta nígbà tí wọ́n wà lọ́jọ́ orí rẹ. Jọ̀ọ́, wá, kò ní dùn ọ́, òwú lásán ni.

Bá mi kí ìyàwó wa àti gbogbo ará ibi iṣẹ́ rẹ. Mo ka lẹ́tà yìí sí Bàbá létí. Wọ́n wá ní kí n fi èyí kún un: "Sọ fún un pé mi ò mọ bí ojú ọmọ rẹ̀ ṣe rí. Ọwọ́ ni mo fi ń wò ó."

Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń wọ̀nà fún ọ,
Aláròyé.