Ẹsẹ̀ Mi Kò Wọlé

Ọjọ́ Àìkú, 3 Ọ̀wàrà

Ìpàdé gùn lónìí. Ẹgbẹ́ Aláròjinlẹ̀. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu, kí n má parọ́. Yàrá òkè ni, lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta táyà. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, nítorí ìgbà yẹn ni ọwọ́ gbogbo ènìyàn máa ń dilẹ̀. Àwọn tí ọwọ́ wọn kò dilẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yẹn kò sì sí lára wa.

A to àga ní ìlà-ìlà, a kọjú sí Bàbá Ẹ̀rí. Tísà físíìsì ni kí ó tó fẹ̀yìn tì. "Ẹ̀rí dà?" ni èsì rẹ̀ sí ohun gbogbo, bí o bá tilẹ̀ kí i pé ẹ kú àárọ̀. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹnì kan dìde láti sọ bí ojú òun ṣe là tí òun fi kúrò nínú ẹ̀sìn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la máa ń gbọ́ irú rẹ̀. Ẹni tòní sunkún. Èmi náà sunkún. Télọ̀ tó jókòó tì mí fún mi ní àjákù aṣọ kí n fi nujú.

Ní ìparí, gbogbo wa dìde, a jùmọ̀ sọ ọ́: "Ohun tí kò ní ẹ̀rí, a kò gbà á." Mo bá ní "Àmín!" Ẹnu mi ló sọ ọ́, èmi kọ́. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní mo húkọ́ ni.

Ọjọ́ Ajé, 4 Ọ̀wàrà

Ìyá àgbà kan wá ṣe gíláàsì tuntun ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kò sí iṣẹ́ tó dára fún ìwàásù bíi tèmi — àlàyé ni mo fẹ́ kọ. Ẹni tó bá ti gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ tí mo fi ń yẹ ojú wò kò lè lanu, kò lè dìde, kò sì gbọdọ̀ mi orí. Mo ṣàlàyé fún un bí ojú ṣe di ojú díẹ̀díẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni dá a. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn ni ó fi eyín sọ̀rọ̀ pé, "Dókítà, ṣé òkè ni kí n máa wò ni àbí ìsàlẹ̀?"

Nígbà tó ń lọ, ó ní Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo lé e dé òpópónà láti tún èrò rẹ̀ ṣe. Ó rò pé òun gbàgbé báàgì òun ni.

Ọjọ́rú, 6 Ọ̀wàrà

Ẹyẹ dijú láti súre sí búrẹ́dì. Ìyàwó mi ni Ẹyẹ. Ohùn rẹ̀ ló jẹ́ kí n máa pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń fẹ́ ẹ sọ́nà; òun ló máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Nígbà tí òjò ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gé nǹkan kan kúrò nínú ọ̀fun rẹ̀ nílé ìwòsàn. Láti ìgbà náà, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, kò sì tíì kọrin.

Mo ní kí ó la ojú. Mo ní dípò àdúrà, kí á ronú kan àgbẹ̀ tó gbin àlìkámà, awakọ̀ tó kó o, àti ẹni tó po ìyẹ̀fun. Mo yìn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí n ó fi dé orí bíríkìlà tó mọ ààrò, tíì ti tutù.

Ó ní, "Olójú," bí ó ṣe máa ń pè mí nítorí iṣẹ́ mi, "àdúrà tèmi kì í pẹ́ tó báyìí." Ó bu búrẹ́dì rẹ̀. "Kèfèrí jẹ́jẹ́ ni mo fẹ́. Ìgbà wo lo wá di pásítọ̀?"

Mo ní èmi kì í ṣe pásítọ̀. Mo fọwọ́ lu tábìlì bí mo ṣe ń sọ ọ́, ife rẹ̀ sì dànù.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Ọ̀wàrà

Ọjọ́ ńlá. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ béèrè ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá kí wa pé ṣé dáadáa ni, ṣé ó yẹ kí aláròjinlẹ̀ dáhùn pé "a dúpẹ́"? Ta là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ilé gbóná. Ẹnì kan ní ara wa là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òmíràn ní ìgbéraga nìyẹn. A fà á títí, a wá fẹnu kò pé láti òní lọ, "ó wà bẹ́ẹ̀" ni kí á máa sọ.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn Télọ̀. Wọ́n rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló ń fọmọ fọ́kọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ọmọ àbúrò mi ni. Oúnjẹ ni mo bá lọ. Mo sùn nígbà ìwàásù, ẹ bi ìyàwó mi." Bàbá Ẹ̀rí mi orí tìbànújẹ́-tìbànújẹ́, ó ní oorun kì í ṣe ẹ̀rí.

N kò mọ ohun tó gùn mí. Mo dìde. Mo ní: ẹnikẹ́ni tó bá fi ẹsẹ̀ wọ ilé ìjọsìn, ohun yòówù kí ó wá ṣe níbẹ̀, kí ó kúrò láàárín wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan kígbe. Ara mi ń gbóná, ó ń dùn mọ́ mi, bí ẹni tó ń rí ìran. Télọ̀ dé fìlà rẹ̀, ó ní kò burú, ó sọ̀ kalẹ̀. Òun ló rán aṣọ àkọlé ẹgbẹ́ tó wà lára ògiri. Kò sẹ́ni tó rántí dá a padà fún un.

Ọjọ́ Ajé, 11 Ọ̀wàrà

Ìyá ìyàwó mi pè lórí fóònù. "Ọkọ ọmọ mi, ṣé dáadáa lẹ wà?" Mo ní, "Ó wà bẹ́ẹ̀, Mà." Wọ́n figbe ta. Wọ́n ní, "Ta ló kú?"

Ó gba Ẹyẹ ní àkókò kí ó tó lè rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.

Ọjọ́rú, 13 Ọ̀wàrà

Dókítà ọ̀fun ti ní Ẹyẹ lè gbìyànjú orin kan. Àìkú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlélógún, ni yóò dá dúró kọ ọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Ó ń ká aṣọ nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi, kò wojú mi.

Ó ní, "Mi ò bẹ̀ ẹ́ rí pé kó o tẹ̀ lé mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń bẹ̀ ẹ́ báyìí. Kì í ṣe torí àdúrà. Ṣáà jókòó síbi tí mo ti lè rójú ẹ. Ẹ̀rù ń bà mí."

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, n kò gbọ́ kí ó sọ pé ẹ̀rù orin ń ba òun. Mo ní n ó rí i. Òfin tèmi, tí mo fi ẹnu ara mi ṣe, kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 14 Ọ̀wàrà

N kò tíì dá a lóhùn. Kò sì tún béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, 17 Ọ̀wàrà

Mo lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Mo ní ìyàwó mi ni, ọjọ́ kan péré ni, n kò ní dijú, n kò ní kúnlẹ̀, n kò tilẹ̀ ní gbádùn rẹ̀. Akọ̀wé ṣí ìwé ìpàdé, ó ka ọ̀rọ̀ mi sí mi létí pẹ̀lú ohùn mi gan-an: "ohun yòówù kí ó wá ṣe níbẹ̀." Ó kà á dáadáa. Bí kì í bá ṣe èmi ló ń bá wí, ǹ bá pàtẹ́wọ́.

Bàbá Ẹ̀rí gbọ́wọ́ lé èjìká mi. Ó ní gbogbo àwọn tó ṣubú, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kí n má mikàn, pé lọ́jọ́ náà, ní agogo mẹ́wàá, gbogbo wọn yóò dákẹ́ rọ́rọ́, wọn yóò máa fi mí sọ́kàn kí n má bàa yẹsẹ̀.

Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ èyí sí àdúrà. Ó ní àwọn kò ní dijú.

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ó yọ́nú sí mi, bí ọmọ iléèwé.

Ọjọ́rú, 20 Ọ̀wàrà

Mo ti rí i! "Fi ẹsẹ̀ wọ" ni òfin wí. Kò sọ̀rọ̀ kan nípa etí, kò sì mẹ́nu ba ojú. Ṣọ́ọ̀ṣì ní fèrèsé. Inú mi dùn débi pé mo gé gíláàsì oníbàárà kan ní òdì.

Mo sọ fún Ẹyẹ pé n ó wà níbẹ̀. N kò sọ ibi tí "ibẹ̀" wà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fọwọ́ kan mi léreke. Mo mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Ọ̀wàrà

Mo lọ yẹ fèrèsé wò. Mo rí ọ̀kan tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, mo sì gbé búlọ́ọ̀kù kan síbẹ̀ tí n ó dúró lé. Ẹ̀ṣọ́ wọn yọ sí mi, ó ní kí ni mò ń wá. Mo ní iṣẹ́ jígí ni mò ń ṣe, pé mò ń wo bóyá jígí wọn mọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé o, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run pọ̀." N kò tún èrò rẹ̀ ṣe. Mo tilẹ̀ nu jígí náà.

Ọjọ́ Àìkú, 24 Ọ̀wàrà

Mo wọ aṣọ mi tó dára jù láti lọ dúró lórí búlọ́ọ̀kù. Oòrùn ń sun mí lọ́rùn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, Ẹyẹ wọ aṣọ funfun tí Télọ̀ rán. Bẹ́ẹ̀ ni, Télọ̀ tí mo lé. Òun ló ń ránṣọ fún àwọn akọrin wọn. Ó jókòó sí ìlà kẹta, ó ń yán.

Ẹsẹ orin àkọ́kọ́ lọ geere. Ohùn náà ti tín-ín-rín sí i, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ni. Omi lé sí mi lójú. Ní ẹsẹ kejì, ó gun òkè níbi tó ti máa ń gùn ún, ohùn bá já. Ó tún gbìyànjú. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Onídùùrù dáwọ́ dúró.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí àga lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ló ń wá.

Ẹnu ọ̀nà kò jìnnà sí mi rárá. Mo sọ̀ kalẹ̀. Mo dé ibẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè. Mo rí ojú Bàbá Ẹ̀rí lọ́kàn mi, mo rí ìwé Akọ̀wé, mo gbọ́ àtẹ́wọ́ ọjọ́ yẹn. Mo gbé ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀, síta.

Télọ̀ ló dìde. Télọ̀ tí kò gba ohunkóhun gbọ́, tí kò sì mọ orin náà. Ó gbé ègbè pẹ̀lú ohùn burúkú, ó ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀, gbogbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹyẹ di ẹ̀yìn àga mú, ó ń mi ètè bá wọn títí ó fi parí.

Mo sá lọ sílé. Mo po tíì dè é. Ó mu ún, ó wọlé lọ sùn. N kò lè fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú ń tì mí.

Ọjọ́ Ajé, 25 Ọ̀wàrà

Bàbá Ẹ̀rí pè láti kí mi kú oríire. Ó ní òun gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi kò wọlé, pé mo borí. Mo pa fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26 Ọ̀wàrà

A jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà ọ̀fun. Ó wo inú ọ̀fun rẹ̀ pẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ sísọ, kò séwu. Orin, kí ó gbàgbé. Ẹyẹ béèrè pé fún ìgbà wo. Dókítà bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbà. Ẹyẹ ní, "Ẹ ṣé, Dókítà," ó gbé báàgì rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, kò sunkún. Nígbà tí a ti rìn díẹ̀, ó ní òun rí mi lọ́jọ́ Àìkú. Òun rí ẹsẹ̀ mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní òfin ni. Mo ní ẹ̀rí ọkàn ni. Mo ní èèyàn tó bá gba nǹkan gbọ́ tọkàntọkàn kò gbọdọ̀ tìtorí omijé yẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń rùn ní imú èmi gan-an.

Ó ní, "O máa ń sọ pé kò sẹ́nì kankan nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní, "Èmi wà níbẹ̀ o, Olójú."

Mo ya ọkọ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa ẹ́ńjìnì rẹ̀. A jókòó síbẹ̀.