Ẹni Tó Ń Fọwọ́ Kan Ẹ̀wà Wa

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

A gbin ẹ̀wà lónìí. Ọmọ mẹ́tàlélógún, ife rọ́bà mẹ́tàlélógún. Iyẹ̀pẹ̀ lórí tábìlì, iyẹ̀pẹ̀ nílẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ nínú irun. Wọn ò tíì mọ̀wé kà, torí náà mo ní kí kálukú ya àmì tiẹ̀ sára ife: ẹja, òṣùpá, bàtà. Èyí tí mo ń pè ní Oníbéèrè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀wà mọ̀ pé inú òkùnkùn lòun wà. Mo ní kó lọ fọwọ́.

Ọmọkùnrin tí mo ń pè ní Dákẹ́jẹ́ẹ́ ya ìgbín. Ìgbín ẹ dáa ju èyí tí èmi yà sójú pátákó lọ. Kò sọ nǹkan kan. Oṣù kẹfà rèé tó ti wà ní kíláàsì mi, mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ rí. Bàbá ẹ ní bó bá délé, ẹnu ẹ kì í dákẹ́. Ó ṣeé ṣe. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Bí kò bá gbọ́ kí ọmọ yìí sọ gbólóhùn kan níléèwé, wọ́n á gbé e lọ sí iléèwé míì tó jìnnà réré. Mi ò fẹ́ kó lọ. Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

A lọ yí òkúta lẹ́yìn ilé. Ìgbín mẹ́sàn-án, ekòló tí a ò lè kà torí wọn ò dúró, ọ̀kùn kan ṣoṣo. A kó wọn sínú àpótí onígíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí àwọn ife wà.

Bàbá tó ń gbálẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ilẹ̀ kíláàsì títí. Ó mí kanlẹ̀. Ẹsẹ̀-Òwú ni mo ń pè é lọ́kàn ara mi, torí èèyàn kì í gbọ́ ìrìn ẹ. Inú ẹ ò dùn sí iyẹ̀pẹ̀ yìí. Mo ti rí i.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mọ́kàndínlógún ti hù. Mẹ́rin kò hù. Ife alámì ìgbín, ti Dákẹ́jẹ́ẹ́, wà lára mẹ́rin yẹn.

Nígbà tí àwọn tó kù lọlé, mo mú ṣíbí tíì, mo fi ìdí ẹ hú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Gbòǹgbò ti wà, funfun, tẹ́ẹ́rẹ́. Mo bò ó padà. Dákẹ́jẹ́ẹ́ jókòó lábẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé báàgì kọ́ sí, ó ń dúró de bàbá ẹ tó máa ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Ó ń wò mí. Kò sí wàhálà, ta ló fẹ́ sọ fún?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo tún hú u wò. Gbòǹgbò ti ń dúdú. Ní ọjọ́ méjì péré? Òórùn ọṣẹ ìfọlẹ̀ ń ta sí mi nímú lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Mi ò tíì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni o. Mo kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ti ìgbín ti rà. Mo fi ojú ara mi rí i, ó rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bò ó mọ́lẹ̀ bí ọ̀daràn. Ọmọ náà ń gbé ẹnu sún mọ́ ife yẹn láràárọ̀, ètè ẹ ń mì. Ohun kan ṣoṣo tó ń bá sọ̀rọ̀ níléèwé yìí, ó ti kú, mi ò sì mọ bí màá ṣe sọ fún un.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ti ìgbín ti hù.

Kì í ṣe pé ó yọjú o. Ó ga tó ìka mi, ó ní ewé méjì. Mo dúró kí àwọn ọmọ lọ, mo hú u. Hóró ìdí ẹ pupa. Funfun ni mo pín fún wọn. Ẹnìkan ti pààrọ̀ ẹ. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yòókù náà, pupa.

Ta ni? Tíṣà kíláàsì kejì, tí ẹ̀wà tiwọn ò kọjá ìka ẹsẹ̀? Yóò fẹ́ kí tiwa kú ni, kì í ṣe kó hù. Ẹsẹ̀-Òwú? Kí ló kàn án?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Ìgbín inú àpótí ti di mẹ́wàá. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mo hú mẹ́fà wò kí n lè mọ èyí tó jẹ́ tiwa gan-an. Mẹ́rin funfun, méjì pupa. Kí n tó lọlé, mo há bébà pélébé sáàárín ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Bébà ti jábọ́. Ó dáa, Ẹsẹ̀-Òwú gbọ́dọ̀ wọlé kó tó gbálẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n márùn-ún nínú mẹ́fà àná ti sorí kọ́. Márùn-ún. Mo ń bínú débi pé mo kọ ọjọ́ òní sójú pátákó lódìlódì.

Lọ́sàn-án, Ẹsẹ̀-Òwú fa áńkáṣíìfù yọ nínú àpò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, hóró ẹ̀wà méjì já bọ́. Pupa. Ó yára ṣà wọ́n. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Wọ́n bi mí bóyá ó dá mi lójú, mo ní ó dá mi lójú. Wọ́n pe bàbá náà. Ó ní òun ò pa nǹkan kan. Wọ́n ní ṣé ó fọwọ́ kan àwọn ife. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ló dé. Ó kàn ń wo ilẹ̀.

Wọ́n ti gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ ńlá, lódìkejì pápá. Bó ṣe ń kó ìgbálẹ̀ ẹ lọ, ó ní, Àǹtí, ẹ jẹ́ kí iyẹ̀pẹ̀ yẹn sinmi díẹ̀. Ẹ gbọ́ àfojúdi. Ó tún ní ẹ kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn, mo rò pé wọ́n á gbè sẹ́yìn mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mo rántí pé nígbà kékeré, bí màmá wa bá gbé ìrẹsì kaná, èmi ni mo máa ń ṣí ìdérí wò títí tí kò fi ní jinná. Mo ní kí ló kan ìrẹsì nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní iná ti fẹ́ tán lórí fóònù mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ẹni tuntun tó ń gbálẹ̀ ń pariwo, ó ń gbá àga kiri. Dákẹ́jẹ́ẹ́ ò lọ sí ìdí fèrèsé mọ́. Ó kọjú sí ògiri lábẹ́ àwọn báàgì. Ètè ẹ ò mì mọ́.

Ẹ̀wà mẹ́ta tí mo yẹ̀ wò lánàá ti sorí kọ́. Ẹsẹ̀-Òwú ò sì sí níbí mọ́. Ó lè jẹ́ omi ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọ̀la ni obìnrin ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bọ̀. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Obìnrin ọ́fíìsì jókòó sórí àga kékeré, orúnkún ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ó ṣèèyàn. Ó fi ife ìgbín han ọmọ náà, ó ní ta ló ni èyí. Kò dáhùn. Ó ní báwo lo ṣe tọ́jú ẹ. Kò dáhùn. Obìnrin náà ti ń wo ìwé ẹ. Mo ti ń sunkún nínú.

Ọmọ náà wáá sọ̀rọ̀. Ohùn ẹ nípọn ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní, Bàbá dà?

Obìnrin náà ní bàbá ẹ ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ó ní rárá, bàbá tó ń gbálẹ̀. Ẹnu ẹ ò wáá dákẹ́ mọ́, bí bàbá ẹ ṣe sọ pé ó máa ń rí nílé: bàbá yìí ní ẹ̀wà nínú agolo ní yàrá ìgbálẹ̀, àwọn jọ ń bomi rin ín kí àwọn tó kù tó dé láàárọ̀. Òun àti bàbá ló mú ìgbín kẹwàá wá kí èyí tó kéré jù lè rí ọ̀rẹ́. Ó ní, Àǹtí máa ń fi ṣíbí hú tiwa wò, ó máa ń kú, bàbá á sì gbé tiwọn wá kó má baà dùn wá. Bàbá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni kí ojú má baà ti Àǹtí.

Oníbéèrè bi mí bóyá òótọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni.

Obìnrin náà kọ ọ́ pé kí ọmọ dúró síbí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ṣe dáadáa.

Mo lọ sí yàrá ìgbálẹ̀. Agolo márùn-ún lórí pákó gíga, ẹ̀wà pupa, iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ láti ọ̀sẹ̀ kan. Mo bomi rin wọ́n. Mo lọ sọ gbogbo ẹ̀ fún ọ̀gá àgbà lórí ìdúró kí n má baà yí ọkàn padà. Mo gba pápá kọjá.

Ó ń gbá ẹnu àtẹ̀gùn. Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, òun ò tíì gbá ibẹ̀. Mo ní mo ṣì í mú, mo ní kó jọ̀ọ́ kó padà sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ajé, ọmọ náà ń bèèrè ẹ. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. Ó na ọwọ́, ó ní kí n kọ́kọ́ mú ṣíbí yẹn wá.

Ó wà nínú àpò mi.