Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Gbé Alùpùpù Tìmílẹ́hìn

                                        Ojúlé Kẹsàn-án,
                                        Ẹ̀yìn Airport Road,
                                        Benin City,
                                        Ìpínlẹ̀ Edo.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlélógún, Oṣù Kọkànlá, 1997.

Ìtùnú, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà n'Ífẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ tó ń bá a fínra ti lọ? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Mo gbọ́ pé wọ́n ti ní kí Màmá yín máa lọ sílé láti ọsibítù, inú mi dùn gan-an. Bá mi sọ fún wọn pé mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ara tiwa náà le níbí. Iṣẹ́ ń lọ, bí èèyàn bá lè pe ohun tí mò ń ṣe lábẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Èṣùbíyì ní iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà gan-an ló jẹ́ kí n mú kálàmù. O mọ̀ pé òun ni máníjà wa ní báǹkì, òun náà sì ni alága ẹgbẹ́ àwa Yorùbá níbí. Ohun tí n kò tíì sọ fún ọ ni pé kò sí nǹkan kan tí kò mọ̀. Ó mọ oògùn ibà ju dókítà lọ. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀bà ju ìyàwó rẹ̀ lọ, obìnrin yẹn sì ti fi ogún ọdún tẹ̀ ẹ́ fún un. Ní oṣù tó kọjá, ó tún wá mọ alùpùpù.

O rántí pé láti ìgbà tí bàbá wa ti kú ni Tìmílẹ́hìn àbúrò mi ti ń bá iṣẹ́ mẹkáníìkì wọn lọ. Ó ra alùpùpù eré ìje kan tó ti kú, ó sì fi ọdún méjì jí i dìde. Irú ìyẹn kì í ṣe ọ̀kadà. Kò ní iná, kò ní ibi tí èrò ń jókòó sí, wọn kì í sì í gùn ún lójú títì. Ọkọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbé e débi ìdíje. Ìdíje kan sì wà l'Ákùúrẹ́ ní òpin oṣù kẹwàá, ilé iṣẹ́ kan tó ń ta alùpùpù sì ṣèlérí pé ẹni tó bá gba ipò kìíní, àwọn yóò gbà á síṣẹ́ kó máa sáré fún àwọn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tìmílẹ́hìn. Ó mọ̀ pé irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ ní ṣíṣí.

Ẹgbẹ́ ní àwọn yóò wá ọkọ̀ fún un, a sì pàdé nílé Èṣùbíyì ní GRA. Màdáámù Ọmọ́ṣaléwá, tó ní ilé búrẹ́dì ní Ogbe, yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì tó fi ń gbé búrẹ́dì. Bọ́ọ̀sì náà ti gbó, ó ti dípẹtà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ gùn, ilẹ̀ rẹ̀ kò ga, ó ní ilẹ̀kùn tó ń tì, irin tí wọ́n ń so agbada búrẹ́dì mọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Tìmílẹ́hìn ti fi téèpù wọ̀n ọ́n. Alùpùpù náà yóò wọ inú rẹ̀ pátápátá.

Èṣùbíyì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa wọ Àkúrẹ́ bí ẹni tó ń kiri búrẹ́dì ni?” Ó ní ká lo píkọ́ọ̀pù òun tuntun, dúdú tó ń dán, kí gbogbo èèyàn lè rí wa. Tìmílẹ́hìn fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù náà kúrú, pé táyà ẹ̀yìn yóò yọ síta. Èṣùbíyì ní, “Àbúrò, ọ̀kadà ni, kì í ṣe erin.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Adékọ́lá akọ̀wé, tó ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé bọ́ọ̀sì ló dára jù, òun ló rẹ́rìn-ín jù, nítorí ó ń wá ipò igbákejì alága. Èmi náà lanu, mo ní, “Ọ̀gá, mo rò pé...” Ó wò mí, ó ní, “Yéwándé, kọ́ńtà ni tìrẹ.” Mo bá panu mọ́. Bẹ́ẹ̀, ìwọ náà mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù bàbá wa ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Mo mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ tẹ ṣọ́ọ̀kì iwájú, irin tó ń nà tó ń súnkì lórí táyà, wálẹ̀ kí a tó de alùpùpù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ọkọ̀ bá ti ń mì ni okùn yóò máa dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tí a fẹ́ lọ, Tìmílẹ́hìn gbé bẹ́líìtì mẹ́rin tí wọ́n fi ń de ẹrù wá. Èṣùbíyì ní irin rẹ̀ yóò ha ọ̀dà ọkọ̀ òun. Ó mú okùn ìsáṣọ jáde, ó sì fúnra rẹ̀ de alùpùpù náà bí ẹni ń de ewúrẹ́. Tìmílẹ́hìn bẹ̀ ẹ́ kí òun jókòó sẹ́yìn láti dì í mú. Ó ní rárá, pé kò ní bá ojú ọkọ̀ òun mu. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó síwájú, èmi pẹ̀lú kámẹ́rà, nítorí ó fẹ́ kí n ya òun ní fọ́tò l'Ákùúrẹ́.

A kò tíì dé Ifọ́n tó fi eré wọ inú kòtò kan. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí páànù já láti orí ilé. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, alùpùpù náà ti nà gbalaja lójú títì, lọ́rì kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ni. Táǹkì ti tẹ̀ wọnú, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ti ṣẹ́, ṣọ́ọ̀kì iwájú ti wọ́. Ìtùnú, ọkùnrin yìí kọ́kọ́ yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ó ń wò ó bóyá ọ̀dà rẹ̀ ha. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí àbúrò mi, ó ní, “Ó yẹ kí o ti sọ fún mi pé ó wúwo tó báyìí.”

Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọ̀gá tiwa sọ ọmọ ọlọ́mọ sí kòtò, kò sì rí ẹ̀kọ́ kankan kọ́ níbẹ̀.

Báyìí ni Tìmílẹ́hìn kò ṣe bá wọn sáré. Ẹlòmíràn ló gba iṣẹ́ náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ tún pàdé, Èṣùbíyì ròyìn pé àwọn tí kò fẹ́ ìlọsíwájú Yorùbá ló wà nídìí ìjàǹbá náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un pé ó yọ̀ǹda ọkọ̀ rẹ̀. Adékọ́lá kọ ọpẹ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ìkọ̀wé tó dára, wọ́n sì fi í ṣe igbákejì alága lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Tìmílẹ́hìn, mo ń ro ẹjọ́ yìí fún un, mo ń sín Èṣùbíyì jẹ, mo ń fi Adékọ́lá ṣẹ̀sín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi òòlù na etí táǹkì náà díẹ̀díẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀gá yín kò mọ̀. Ẹ̀yin mọ̀.” Ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo wọ ọ́fíìsì Èṣùbíyì. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ba alùpùpù àbúrò mi jẹ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé yóò já bọ́, n kò sì sọ, ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Mo ń sọ ọ́ báyìí.” Ó ní kí n ti ilẹ̀kùn bí mo bá ń jáde. Ní ọjọ́rú, ìwé dé pé kí n máa lọ sí ẹ̀ka wa ní Auchi láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀. Inú bí mi, n kò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n oorun tí mo sùn lọ́jọ́ náà, ó ti pẹ́ tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀.

Tìmílẹ́hìn ti rí ṣọ́ọ̀kì mìíràn. Ìdíje kan yóò tún wáyé n'Íbàdàn ní oṣù kìíní, bọ́ọ̀sì Màdáámù Ọmọ́ṣaléwá ni yóò sì gbé e lọ. Kò sí iṣẹ́ kankan nídìí ìyẹn, kìkì eré ni. Bí àyè bá gbà ọ́, jọ̀wọ́ bá mi lọ wò ó, ìwọ lo sún mọ́ Ìbàdàn jù.

Láti ọjọ́ tí Tìmílẹ́hìn ti sọ̀rọ̀ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù ni kò ti fẹsẹ̀ kan ilé mi. Ṣùgbọ́n lónìí, lẹ́yìn ìsìn, ó wọlé, ó jókòó, ó sì jẹun. Kò mẹ́nu ba Èṣùbíyì, kò sì mẹ́nu ba báǹkì. Ó kàn bi mí bóyá ilé tí mo fẹ́ gbà ní Auchi yóò ní àyè tí èèyàn lè gbé alùpùpù sí.

Mo ní yóò ní àyè.

Ayọ̀mikún ọmọ mi ń kí àwọn ìbejì. Mo ní kó kọ ìlà kan sí wọn ní Yorùbá, ó ní “Mummy, my hand dey pain me.” Kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé fún mi.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Yéwándé