Ẹni kan ló ń mí

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́, Igana

Ilé tí Bàbá Rẹ̀mí ọkọ mi àti Dòsú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń kọ́ wó lù wọ́n láàárọ̀ yìí. Àwọn panápaná gbé ẹ̀rọ rádà dé, èyí tó ń mọ̀ bí ènìyàn bá ń mí lábẹ́ àwókù. Ọ̀gá wọn wò ó títí, ó ní, "Ẹni kan ló ń mí."

Èmi àti ìyàwó Dòsú di ọwọ́ ara wa mú. Mo gbàdúrà kó jẹ́ ọkọ mi. Mo mọ ohun tí mò ń tọrọ.

Òun ni wọ́n gbé jáde láàyè; òkú Dòsú ni wọ́n gbé tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a gbé e délé, ó ń bi mí pé, "Dòsú ńkọ́?" Mo purọ́ pé ó wà nílé ìwòsàn.

Mi ò lè jókòó tì í. Mo gbé ẹ̀kọ lọ fún ìyàwó Dòsú. Mo bá a láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn, ó ń ká aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

Mo gbé ẹ̀kọ náà sílẹ̀, mo sá padà sílé.