Àlá Tí Ọ̀gbẹ́ni Pyo Fẹ́ Rà

Goheung, ìgbà ìkórè áyù

Dogyeom, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Seoul níbẹ̀? Ṣé o ń jẹun, ṣé o ń sùn? Àwa wà, a ń mí. Ẹ̀yìn ń dun màmá rẹ nítorí áyù tí à ń hú, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún. Kí ọ̀run pa ọ́ mọ́, kí o má pàdé ọkọ̀ asáré, kí o má pàdé ẹlẹ́tàn, kí ọkàn rẹ balẹ̀ níbi tí tàwọn ẹlòmíràn ti ń gbọ̀n. Òdòdó ọsàn yuja ti tanná ní gbogbo òkè, òórùn rẹ̀ ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ jí ẹni tó sùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, olórí abúlé fi ìdíje káàdì tí o ṣe ní Incheon hàn lórí tẹlifíṣọ̀n gbọ̀ngàn wa. Mo rí ọ, o wọ awò dúdú nínú ilé, mo sì bi màmá rẹ bóyá ojú ọmọ yìí ti bàjẹ́ ni. Kò tíì dáhùn tí mo fi rí i pé káàdì méjèèjì tó wà lọ́wọ́ rẹ hàn gbangba, gbogbo abúlé sì ń wò wọ́n. Mo sáré gbé tìmùtìmù, mo fi bo ibẹ̀. Wọ́n pariwo pé kí n kúrò níwájú àwọn, n kò kúrò, torí ta ló mọ̀ bóyá ẹnìkan níbẹ̀ ní ìbátan lórí tábìlì yẹn. Ìyá Mija tó ń ta ewéko òkun bi mí bóyá abẹ́ ìjókòó òun ni mo rò pé àwọn ará Taiwan tí ẹ jọ ń ta káàdì sá pamọ́ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ, wọ́n kọ mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Dogyeom, o kò gba irú máàkì bẹ́ẹ̀ rí, kódà nínú ìṣirò. Nígbà tí wọ́n ṣí káàdì kan sí i, ó di ọgọ́rùn-ún, wọ́n pàtẹ́wọ́ pé o ti borí, èmi sì gbé tìmùtìmù kúrò.

Ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ mo sùn lọ sórí pákó iwájú ilé, mo sì lá àlá. N kò lè kọ ọ́ síbí, o mọ̀ pé àlá rere tí a bá tú ká kì í ṣẹ mọ́, ẹni tó bá rà á nìkan ló ń gbọ́ ọ, oríire inú rẹ̀ a sì di tirẹ̀. Etí rẹ̀ nìkan ni mo lè sọ. Òkun gòkè wá dé ẹnu ọ̀nà wa láìpariwo, òdòdó yuja léfòó lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn yàrá rẹ ṣí fúnra rẹ̀. Nǹkan kan wọlé. Ó tóbi, ó sanra, imú rẹ̀... rárá, mo ti ń sọ jù. Ó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn rẹ, ó mí kanlẹ̀ bí ẹni tó dé láti ọ̀nà jíjìn, ó sì wò mí bí ẹni tó mọ̀ mí.

Ọ̀gbẹ́ni Pyo, aládùúgbò wa tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì oríire ní gbogbo Sátidé tí kò sì jẹ rí, wò mí lójú lóko, ó ní kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí áyù lásán. Ó ní kí n ta àlá náà fún òun, òun á fi ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ òun tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ mi, n kò sùn dáadáa mọ́, torí ẹ̀rọ yẹn á gba ẹ̀yìn màmá rẹ là. Mo sọ fún màmá rẹ, ibi tí nǹkan náà dùbúlẹ̀ sí nìkan ni mo mẹ́nu kàn. Ó ń já gbòǹgbò áyù, kò gbójú sókè. Ó ní, “Bàbá Dogyeom, bí o bá ta ohun tó dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn ọmọ mi, kí ìwọ náà wá ibòmíràn sùn.”

Nítorí náà, wá rà á. Owó ẹgbẹ̀rún won kan tó, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ san án, àlá ọ̀fẹ́ kì í kúrò lórí ẹni tó lá a. Má fi í ránṣẹ́ lórí fóònù o. Mo ti béèrè ní báńkì, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní ọwọ́ ẹ̀rọ kan ní Seoul ni owó kọ́kọ́ ń dé kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì bo ẹnu rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í pé ta wá ni olówó àlá nígbà náà. Bí ẹ̀rọ bá lọ gba ife-ẹ̀yẹ rẹ ńkọ́? Ọwọ́ rẹ ni kí o fi mú un wá. Mo gbọ́ pé Jeju ni ìdíje tó kàn, Nokdong sì ni ọkọ̀ ojú omi Jeju ti ń gbéra, òkè kan ṣoṣo ló wà láàárín ibẹ̀ àti ilé. Láti ìgbà tí o ti fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ o kò wá ṣe ọdún ìkórè Chuseok nílé, bóyá o rò pé àwọn àbúrò mi á bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Wọn kò ní sí níbí. Èmi náà kò ní béèrè. Ṣùgbọ́n Ọjọ́ Ẹtì ni Pyo máa wá gba èsì, o sì mọ̀ pé n kò mọ bí a ṣe ń sọ pé rárá fún ènìyàn lójúkojú.

Owó oògùn ẹ̀yìn màmá rẹ, ìyẹn lè gba orí fóònù wá, ẹ̀rọ kò ní ẹ̀yìn tó ń dùn ún.

Kí àwọn baba ńlá wa máa ṣọ́ ọ. Kí o jókòó pẹ́ ju gbogbo àwọn tó bá ọ jókòó lọ. Bí wọ́n bá sì lé ọ kúrò lórí tábìlì ní ọjọ́ kìíní, má jẹ́ kó tì ọ́ lójú, ọkọ̀ tó ń gbé ènìyàn lọ sí Jeju náà ló ń gbé wọn padà sí Nokdong. Mo ti wo àkókò tó ń dé.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tak Gisun