Ẹyin Tí Mo Sè Nítorí Ògiri

Ọmọ mi obìnrin kan ṣoṣo,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́, mo sì kí àwọn ewéko tó o ń tọ́jú sínú ìgò. Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o jẹun lásìkò? Ojú tó o fi ń wo ohun tíntìntín, Olúwa kò ní jẹ́ kó di bàìbàì. Ara èmi náà le, orúnkún nìkan ni kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ilé kò dùn ún sọ. O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá yín ti kú ni ẹ̀gbọ́n rẹ káfíńtà àti ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀ ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní pálọ̀. Lẹ́búlẹ́bú pákó wá bà sórí aṣọ funfun oníbàárà kan, ni télọ̀ bá ní àfi káwọn mọ ògiri, káwọn pín ilé sí méjì. Káfíńtà ní ó ti ń pẹ́ lójú òun.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́, tó o ní inú ewéko gan-an, àwọn ohun tíntìntín kan wà tó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì, pípín ni wọ́n ń pín kí ewéko tó lè dàgbà, pé pùrótéènì ló sì ń pàṣẹ fún wọn, òmíràn á ní kí wọ́n pín, òmíràn á ní kí wọ́n dúró ná, kí wọ́n yẹ ara wọn wò bóyá nǹkan ti bàjẹ́. Inú mi dùn. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ wa tipẹ́ pé ẹyin ni pùrótéènì, mi ò bi ọ́ ní nǹkan kan mọ́, mo pa fóònù, mo gbé ìkòkò kaná. Àràárọ̀ ni mò ń fún àwọn méjèèjì ní ẹyin, tí mò ń wo ojú wọn bóyá wọ́n ti fẹ́ dúró. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dúpẹ́, okun wọ ara wọn, wọ́n sì mọ ògiri náà tán kí bíríkìlà tí wọ́n bẹ̀ tó dé. Ó ní láti jẹ́ pé èyí tó ń ní kí wọ́n pín ni mo rà.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Èmi tí mo bí àwọn méjèèjì wà nínú ilé, ẹnu mi ló yẹ kí n là, ẹyin ni mò ń bó. O ní bí ti ewéko bá pín sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á pé pérépéré. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni ilé ìdáná bọ́ sí, ọ̀dọ̀ télọ̀ ni ẹ̀rọ omi wà, èmi ni mò ń gbé garawa gba ìta yípo.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí bíríkìlà lè bá mi lu ẹnu ọ̀nà kékeré sára ògiri náà. Má fi í gba inú fóònù, mi ò tíì rí ibi tó ń gbà jáde.

Lọ́jọ́sí tó o bi mí bóyá yàrá rẹ ṣì wà bó ṣe wà, tí mo dákẹ́, o rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Yàrá rẹ ni ògiri náà gbà kọjá. Máa bọ̀ náà, ọmọ mi. Olúwa á ṣọ́ ọ délé, orí ẹní mi la jọ máa sùn.

Èmi ni, ìyá rẹ.